Ojú Ìyá Arnaud Lára Ògiri

"Ojú mi, rárá," ni Berthe wí. Kò gbé ojú kúrò lára gàrí tó ń yan. "Ya ọwọ́ mi. Ya àwo mi. Ya igi ẹ̀gẹ́ bó bá wù ọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi, má fi sí i."

Arnaud jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì dé ló ti ń bá ìyá rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ àwòrán tó fẹ́ yà sára àpò gàrí yìí.

"Màmá, gbogbo ọjà tó ń tà ní Kùtọnú ló ní ojú èèyàn lára. Wàrà ní ojú ọmọ ọwọ́. Ọṣẹ ní ojú obìnrin arẹwà. Ojú yẹn ni àwọn oníbàárà fi ń dá a mọ̀."

"Èmi kò mọ obìnrin ọṣẹ. Ní ìhà tiwa níbí, ta ni wọ́n máa ń tẹ ojú rẹ̀ sórí ìwé, tí wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri?"

Arnaud ń yí fóònù rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìwọ ni mo ń bi."

"Òkú," ni Arnaud wí. "Ṣùgbọ́n ayé àtijọ́ nìyẹn."

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lẹ ojú bàbá tó ń tún ọ̀kadà ṣe mọ́ òpó iná ní oríta. Ṣé ayé àtijọ́ ni ọ̀sẹ̀ tó kọjá? Gbé igi kan sí iná fún mi, kí o jẹ́ kí n yan gàrí mi."

Ó fi àkúfọ́ igbá ro gàrí náà kó má baà jóná, èéfín sì bo ojú rẹ̀.

Ẹni tó bá sọ pé Berthe kò ní orúkọ kí ọmọ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán, irọ́ ló pa. Ní ọjà Sakété, kò sí alágbàtà tí kò mọ àwo rẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí etí rẹ̀ ti hó, àti aṣọ funfun tó máa ń fi bò ó. Kì í ké sí oníbàárà. Ẹni tó bá dé iwájú rẹ̀ á bu díẹ̀ sẹ́nu, gàrí náà á dún lábẹ́ eyín rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Tó bá ń fi tóńgólò, agolo ìwọ̀n wọn, wọn ọjà, á wọn ọ́n kó ga bí òkìtì, á sì tún bu ọwọ́ kan lé e. Àwọn obìnrin tó bá ti Àjàṣẹ́ wá á máa béèrè pé, "Ibo ni Berthe wà?" Àwọn tí wọ́n jọ ń ta gàrí á nàka sí i, bó tilẹ̀ ń dùn wọ́n.

Ọwọ́ Berthe nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń ti Ahoyéyé wá, láti orí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Basile, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló ń dáko níbẹ̀. Basile kì í fa ẹ̀gẹ́ yẹn fún ẹlòmíràn. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí Arnaud bá ń bọ̀ wá gbé e ló máa ń fà á, kí ó lè dé Sakété ní tútù, kí àbúrò rẹ̀ sì bó o lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀gẹ́ tó bá sùn lẹ́yìn tí a fà á, Basile kì í fi ránṣẹ́. Bàbá Arnaud ti lọ sí Gàbọ́ọ̀nù, ó sì ti gbé obìnrin mìíràn lọ́hùn-ún. Ẹ̀gẹ́ ẹ̀gbọ́n àti iná àbúrò ló ń bọ́ ilé náà, òun ló sì ń rán Arnaud lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Arnaud. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ àwòrán. Orí fóònù tí ojú rẹ̀ ti là ló ti kọ́ ọ. Ó mọ àwọ̀ tó bá àwọ̀ mu, ó mọ bí lẹ́tà ṣe ń tóbi kó má sì wúwo. Ó ti ya àmì fún ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kíláàsì wọn. Ẹ̀bùn ni, kò sí ẹni tó lè sọ pé kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ohun tó ń dùn ún ni ẹnu Fortuné, ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ìyá Fortuné ní bùtíìkì ńlá lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́, wọ́n sì ń ta gàrí inú àpò ọ̀rá níbẹ̀, tí wọ́n ya ọkọ̀ òfúrufú sí lára.

"Arnaud," ni Fortuné máa ń wí níwájú àwọn ọmọbìnrin, "gàrí ìyá rẹ àti iyanrìn etídò, báwo ni a ṣe ń dá wọn mọ̀? Èyí ò ní orúkọ, ìyẹn ò ní orúkọ."

"Fi sẹ́nu, wàá mọ̀."

"Ta ló ń fi ọjà sẹ́nu láyé òde òní? Ojú la fi ń rajà, ọ̀rẹ́."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Arnaud náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tó bá dé ilé, á mú fóònù rẹ̀, á máa yàwòrán. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ gbà pé kí ó máa di gàrí sínú àpò ọ̀rá, kí ó máa tà á ní Pobè ní ọjọ́ Sátidé tó bá ń lọ gbé ẹ̀gẹ́. Ó gbà pé kí ó kọ orúkọ òun sí i. Ó gbà pé kí ó ya ọwọ́ òun. Ojú ni kò gbà.

Ilé ìtẹ̀wé Martial wà nítòsí ọjà Pobè. Martial ju Arnaud lọ ní ọdún bíi mẹ́jọ, nítorí náà Arnaud ń pè é ní fòfó, bí àwọn ará Àjàṣẹ́ ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Iṣẹ́ òkú ló ń bọ́ Martial ju iṣẹ́ mìíràn lọ. Ògiri ìsọ̀ rẹ̀ kún fún ojú àwọn tó ti lọ: arúgbó, ọmọge, ṣọ́jà kan tí fìlà rẹ̀ wọ́. Gbogbo wọn wà nínú òdòdó, wọ́n ń wo ẹni tó bá wọlé.

Martial wo àwòrán ọwọ́ tí Arnaud yà.

"Ó dára," ó wí. "Ó dára fún ẹni tó ń ta ìbọ̀wọ́."

"Fòfó, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọwọ́ ta ni? Gbogbo èèyàn ló ní ọwọ́. Ọjà tí kò ní ojú, ta ló máa kí i lọ́nà? O ò ní fótò ìyá rẹ ni?"

Arnaud ní in. Ọjọ́ ìkórè ìjọ wọn ló yà á, ìjọ aláṣọ funfun. Berthe wọ aṣọ funfun balẹ̀, ó dé fìlà funfun, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ohun tí kì í sábà ṣe. Kò sí fótò mìíràn tí ojú rẹ̀ mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

"Ó ní kí n má fi ojú òun sí i," ni Arnaud wí.

"Mo gbọ́. Jẹ́ kí n kàn wò ó."

Martial gba fótò náà sínú kọ̀ǹpútà. Ó fà á sí ibí, ó fà á sí ọ̀hún, ó wá gbé e sínú òbìrí kan tí òdòdó aró àti òdòdó funfun yí ká. Ojú Berthe mọ́lẹ̀ rekete láàárín rẹ̀.

"Fòfó, èyí kì í ṣe ti òkú?"

"Òun ló lẹ́wà jù lọ́wọ́ mi. Àwọn tó kù, ti ìkómọ ni. Ṣé kí n fi ìyá rẹ sáàárín bàlúùnù àti ọmọ ehoro?"

Arnaud rẹ́rìn-ín láìfẹ́.

"Wò ó," ni Martial wí, "mo ti yọ àgbélébùú. Mo ti yọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ikú. Mo ti kọ GÀRÍ BERTHE sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà. Kí ló kù níbẹ̀ tó jẹ́ ti òkú?"

Arnaud wá ohun tó kù, kò rí i. Ó mọ̀ pé ìyá òun ti sọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti lóye. Ṣùgbọ́n àwòrán náà wà níwájú rẹ̀, ó dára ju gbogbo ohun tó ti ṣe rí lọ, ó sì ń gbọ́ ẹ̀rín Fortuné létí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́," ó wí.

Wọ́n tẹ kékeré fún ara àpò, wọ́n sì tẹ ńlá fún ara ògiri. Àwọn fúnra wọn ló lẹ̀ wọ́n káàkiri Pobè. Ibi tí ojú èèyàn máa ń lọ ni Martial yàn, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti máa ń lẹ ìkéde òkú. Wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri tó kọjú sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà Ahoyéyé ti ń dúró de èrò. Arnaud fọwọ́ tẹ́ etí rẹ̀ dáadáa kí atẹ́gùn má baà ká a.

Ọjà náà tà. Kí a má purọ́, ó tà. Àwọn tí kò gbé Pobè, tí ọkọ̀ ń gbé kọjá, rà á. Arnaud gbé àwòrán náà sórí WhatsApp, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sì ń pè é ní ọ̀gá ayàwòrán. Fortuné tìkára rẹ̀ sún mọ́ ọn nílé ẹ̀kọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀.

"Ìyá mi ní ṣé o lè ya nǹkan fún bùtíìkì wa."

"Ẹ ti wá ń fẹ́ iṣẹ́ ọmọ oníyanrìn etídò báyìí?" ni Arnaud wí, inú rẹ̀ sì dùn.

Nílé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé wọ́n fẹ́ràn àwòrán ọwọ́ náà. Berthe gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó gbàdúrà fún un.

Ní ọjọ́ ọjà kan, Basile wá ra ọkọ́ ní Pobè. Ó ti ń lọ sílé, ó sì fẹ́ gun ọ̀kadà, nígbà tí ojú rẹ̀ bá ojú àbúrò rẹ̀ lára ògiri. Ó wọ aṣọ funfun, òdòdó yí i ká.

Basile kò mọ̀wé. Àwọn tó mọ̀wé wà níbẹ̀, ó lè bi wọ́n. Kò bi wọ́n. Ní agbo ilé wọn, bí ẹni rẹ bá kú tí wọn kò tíì ránṣẹ́ sí ọ, o kò gbọdọ̀ béèrè ikú náà lẹ́nu àlejò. Àwọn tí òkú wà lọ́wọ́ wọn ló yẹ kí wọ́n wá. Ohun mìíràn sì tún wà tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ìgbàgbọ́ àwọn bàbá rẹ̀ ló dì mú, Berthe sì wà ní ìjọ aláṣọ funfun. Ìgbà gbogbo ló máa ń bẹ̀rù pé bí àbúrò òun bá kú, àwọn onísọ́ọ̀ṣì yóò sin ín sí ilẹ̀ onílẹ̀, kò sì ní sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Ojú tó rí lára ògiri yẹn, nínú aṣọ ìjọ, tí kò sì sí ẹni tó wá sọ fún un, ó rò pé ohun tí òun ń bẹ̀rù ti dé.

Ó gun ọ̀kadà. Ọlọ́kadà náà sọ lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ tí àgbàlagbà náà ń sunkún lẹ́yìn òun láti Pobè dé Ahoyéyé, pé òun kò mọ ohun tí òun lè sọ fún un, òun sì rọra ń wa ọ̀kadà lọ.

Nígbà tó délé, ó yọ ìwé náà láti abẹ́ aṣọ rẹ̀, nítorí ó ti já a lára ògiri. Àwọn àgbà wò ó; ojú àti òdòdó ni wọ́n wò, kò sẹ́ni tó wo lẹ́tà. Kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì. Àwọn ọ̀dọ́ agbo ilé mú ọkọ́, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè ìyá Basile. Ó fẹ́ kí ilẹ̀ ti wà ní ṣíṣí kí òun tó lọ gbé òkú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé kò sí àyè. Lẹ́yìn náà, ó ra ẹní tuntun, ó háyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, wọ́n so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ iwájú rẹ̀ bí a ti ń ṣe sí ọkọ̀ tó ń gbé òkú, wọ́n sì forí lé Sakété.

Berthe ń yan gàrí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Arnaud ń gún àwọn gàrí tó ti gbẹ, tó dì pọ̀. Ọkọ̀ dúró, ọkùnrin mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀, Basile sì ni ẹni àkọ́kọ́, ẹní wà lábẹ́ apá rẹ̀.

Berthe dìde, inú rẹ̀ dùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Kí ló dé tí ẹ kò ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀? Arnaud, gbé omi wá fún Bàbá Ahoyéyé."

Basile wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó rìn lọ bá a, ó fọwọ́ kan apá rẹ̀ níbi tí ìyẹ̀fun gàrí ti sọ ọ́ di funfun.

"Ara rẹ gbóná," ó wí.

"Ìdí iná ni mo wà. Kí ló ṣe yín, ẹ̀gbọ́n mi?"

Bàbá Ọmọ́báyọ̀, tó dàgbà jù nínú wọn, fi ọ̀pá rẹ̀ gún ilẹ̀. "Basile, ta ni a wá gbé?"

Basile yọ ìwé náà. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí Arnaud. "Ìwọ tó mọ̀wé, kà á fún mi."

Omi tí Arnaud gbé dà sílẹ̀ díẹ̀ lára igbá. Kò lè kà á. Berthe gba ìwé náà. Ó rí ara rẹ̀ nínú òdòdó. Ó pẹ́ kó tó gbé ojú sókè.

"Ta ló ṣe èyí?" ni Basile béèrè.

Arnaud wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "èmi ni", kò ju ìyẹn lọ. Ó rí ẹní tuntun náà. Ó rí ojú ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó wú nítorí ẹkún. Ẹnu rẹ̀ là, ó sì tún padé.

Berthe wo ọmọ rẹ̀. Ó wò ó títí.

"Èmi ni," ni Berthe wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, nítorí ọjà. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ fúnra rẹ."

"Èmi ni."

"O fi ẹnu ara rẹ ní kí wọ́n gbé ọ sáàárín òkú, kí gàrí lè tà."

Berthe kúnlẹ̀. Ó wo Arnaud. Arnaud dúró pẹ̀lú igbá omi lọ́wọ́.

"A ti gbẹ́ ilẹ̀," ni Basile wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa. O mọ̀ pé a kì í dí ihò òkú ní òfìfo. A ó sin igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, a ó sì pe orúkọ ẹni tó ni ín. Mo ti sunkún rẹ, Berthe. Lórí ọ̀kadà, àgbàlagbà bí èmi, lójú títì. Mo ti sunkún rẹ tán. N kò ní ẹkún mìíràn."

Ó fi ẹní náà ti ara ògiri, nítorí ẹní tí a bá rà fún ẹnì kan, a kì í gbé e padà sílé. Ó wọ ọkọ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ tó wà níwájú ọkọ̀ ń mì títí wọ́n fi kọ́nà.

Gàrí tó wà lórí iná ti jóná. Berthe gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó dà á nù sí ẹ̀yìn ilé, ó sì jókòó.

"Màmá," ni Arnaud wí, "ẹ̀yin kọ́, èmi ni."

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ nígbà tí wọ́n wà níbí?"

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo gba ọ̀rọ̀ náà sẹ́nu nítorí mo rò pé wàá já a gbà lẹ́nu mi." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró rẹ̀. "Mo dúró dè ọ́, Arnaud. Títí ọkọ̀ fi lọ, mo ń dúró dè ọ́."

Ní ọjọ́ Sátidé, Arnaud lọ sí Ahoyéyé bó ṣe máa ń lọ. Lọ́nà, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Pobè, ó fi èékánná já gbogbo ìwé tó lẹ̀. Ibì kan, ìwé náà kò já tán, etí òdòdó kù lára ògiri. Martial jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Martial wí. "Àwọn arúgbó yìí, wọ́n ti sọ ìpolówó ọjà di òkú." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọmọ náà, ó wọ inú ìsọ̀ lọ.

Basile wà lábẹ́ igi ọsàn, ó ń fọwọ́ yin àgbàdo. Lẹ́yìn ilé, ebè tuntun kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti pẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ pupa. Arnaud dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò dìde.

"Bàbá, èmi ni mo ṣe é. Màmá ní kí n má ṣe é. Ó ní kí n ya ọwọ́ òun. Èmi ni mo fi ojú rẹ̀ sí i. Kò mọ̀ rárá títí ẹ fi gbé ìwé náà dé."

Ọwọ́ Basile dúró lórí àgbàdo.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni, Bàbá."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí mo béèrè."

"Mo wà níbẹ̀."

Basile wo ebè tuntun náà. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Bí ọmọdé bá ṣi irú iṣẹ́ yìí ṣe, ọmọ náà la ó mú wá. Á fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí ihò náà kí a tó sin nǹkankan sí i, a ó nà án ní pàṣán, a ó sì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fúnra rẹ̀ pe ikú sórí ara rẹ̀, òun la máa ń sin. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ la ṣe. A ti pe orúkọ rẹ̀ sórí ilẹ̀, èmi ni mo pè é. Ta ló máa lọ wú u?"

"Bàbá, ẹ wá wò ó. Kò jẹun."

"Ibẹ̀ ló wà," ni Basile wí, ó nàka sí ebè náà.

"Ẹ̀gẹ́ ńkọ́?"

"Ti ta ni?"

"Ti Màmá."

"A kì í fa ẹ̀gẹ́ fún ẹni tí a ti sin."

Arnaud sunkún lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Basile kò lé e. Nígbà tó yá, ó dìde, ó di àgbàdo sínú àpò kan, ó gbé e lé èjìká ọmọ náà. "Ìwọ wà láàyè," ó wí. "Gba èyí, kí o jẹun. Ẹ̀gẹ́ ni kò sí." Ó yí ẹ̀yìn padà kíákíá, kí ọmọ náà má baà rí ojú rẹ̀.

Àwọn kan á sọ pé Basile le jù. Ó le lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló lẹ ìwé mọ́ ògiri, kì í sì í ṣe òun ló dákẹ́ nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀.

Berthe bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀gẹ́ lójú títì, èyí tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Òmíràn ti sùn, òmíràn kún fún okùn nínú. Ó bó o, ó rin ín, ó fún un, ó sẹ́ ẹ, ó yan án bó ṣe máa ń yan án. Ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n gàrí náà kò dún lábẹ́ eyín mọ́.

Ìròyìn ti Pobè ti dé Sakété nígbà náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń tajà kò fi ṣe ìkà púpọ̀, wọ́n kàn ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé, "Gàrí tí òkú yan ńkọ́, ó ti jinná?" Berthe ń gbọ́. Ó ń wọn gàrí rẹ̀ lọ.

Pélagie, tó ti ń ti Àjàṣẹ́ wá rajà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí Arnaud wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, dé ní ọjọ́ ọjà kan. Ó bu gàrí sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.

"Ṣé ara rẹ le, Berthe?"

"Ó le, ìyá wa."

"Ó dáa." Pélagie da ìyókù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. "Màá padà wá." Kò padà wá.

Lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, Berthe kò gbé àwo búlúù lọ sí ọjà mọ́. Sylvain ló ń ta gàrí rẹ̀ fún báyìí. Sylvain ní ọkọ̀, ó ń ra gàrí gbogbo obìnrin láti Aguidi títí dé Sakété, àpò kan náà ló sì ń da gbogbo rẹ̀ sí. Arnaud ló bá ìyá rẹ̀ ru ẹrù ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Di ẹnu àpò mú fún un," ni Sylvain sọ fún un.

Arnaud dì í mú. Gàrí àwọn ẹlòmíràn ti wà nínú rẹ̀ dé ìdajì, òmíràn pọ́n díẹ̀, òmíràn kúnná. Berthe gbé àwo rẹ̀, ó da tirẹ̀ lé e lórí. Sylvain ki ọwọ́ bọ àpò náà, ó rò ó pọ̀, ó sì rán ẹnu rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó lè sọ pé èyí ni ti Berthe, títí kan Berthe fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ní ẹ̀bùn, tí ẹ fẹ́ kọ́ orúkọ fún ọjà, ẹ kọ́ ọ. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó mú gègé, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ tó ti wà nílẹ̀ àti àwọn tó gbé e ró, nítorí ẹ̀yin kọ́ lẹ dá a sílẹ̀. Bí ẹni tó ni ojú bá sọ pé kí ẹ má lo ojú òun, ẹ gbọ́ tirẹ̀, bí ẹ kò tilẹ̀ rí ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti ṣi í ṣe, tí wọ́n béèrè pé ta ni, ẹ dáhùn níbẹ̀ náà, lójú gbogbo èèyàn, kí ilẹ̀ tó dí. Arnaud sọ òtítọ́ nígbẹ̀yìn, òtítọ́ pátápátá, lórí ìdọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú omijé. Wọ́n gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti dí.